Èèkàn Tó Sún Sẹ́yìn

"Sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ó tó. Rì í mọ́bẹ̀."

Ọmọbìnrin kan ri èèkàn mọ́lẹ̀, ó so àkísà funfun mọ́ ọn lórí. Inú ibùba tí wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe ni bàbá àgbà rẹ̀ ti ń darí rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Láti ìgbà tí èjìká ti ń dà á láàmú ló ti pa ọrun líle tì, tó gbẹ́ èyí tó rọ̀. Ọrun tó rọ̀ kì í sì í rán ọfà jìnnà. Ojú rẹ̀ náà kò mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó mọ́, ìdí nìyẹn tó fi nílò èèkàn. Ẹran tó bá kọjá èèkàn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò ta lọ́fà.

"Ṣé ẹ ò ní máa rìn kiri inú igbó mọ́ ni, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ mi ti rìn tirẹ̀. Kí ẹran náà rìn díẹ̀ wá bá mi."

Ní ilé ìwé, Ọdẹ Ajókòó ni àwọn ọmọ ń pe Bàbá. "Ṣé Ọdẹ Ajókòó ti rí àga kankan pa?" Ọmọbìnrin náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọra. Bàbá ṣáà ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yìn èèkàn ni àwọn ẹran ń gbà kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dá lọ sínú igbó, ó fa èèkàn náà tu, ó sì sún un sẹ́yìn, jìnnà sí ibùba, kí ẹran lè máa gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó rò pé òun ṣe oore.

Ọjọ́ kejì ni àgbọ̀nrín kan dé ẹ̀gbẹ́ èèkàn. Bàbá ta á. Ọfà bà á níkùn, kò wọlé dáadáa, ẹran náà sì gbé e sá lọ. Bàbá tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí i.

Nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú okùn ọrun rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ti kú. Mo kàn dá ẹran ẹlẹ́ran lóró lásán."

"Ọwọ́ yín kọ́, Bàbá. Èmi ni mo sún èèkàn."

Kò jágbe mọ́ ọn. Ó ká okùn ọrun náà sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Èmi tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé mo sunkún? Èèkàn yẹn ni mo fi ń ríran. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á gbọ́ mọ́?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní òun yóò tún un rì lójú rẹ̀. Bàbá mirí pé rárá. Ó ní bí òun bá tún fa ọrun, ẹran tó ń jẹ̀rora yẹn ni òun yóò máa rí.

Kò wọ igbó mọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, èjìká rẹ̀ tí kò fa ọrun mọ́ le débi pé wọ́n ní láti máa bá a wọ ẹ̀wù. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti rí ẹlòmíràn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò rántí Ọdẹ Ajókòó mọ́. Ìgbà náà ló tó yé ọmọbìnrin náà pé ìtìjú ara òun ni òun ń tọ́jú nígbà tí òun rò pé òun ń ran bàbá lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa bi àgbà léèrè kí ẹ tó tún ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ṣe. Ọmọ yìí kò béèrè, bàbá àgbà rẹ̀ sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè dá igbó padà fún bàbá.