Ṣápúmáànù Ọjọ́ Wòlímọ̀

Wàláhì, òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fẹ́ sọ. Tí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún un, kí gbogbo ìrẹsì Ìmọ́tà há mi lọ́fun. Bọ̀dá Ajíbóyè, ẹ fi táyà tẹ́ ẹ̀ ń lẹ̀ yẹn sílẹ̀. Lateefat, gbé búrẹ́dì ẹ kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan mímu-ún pò bíi tèmi láti gárèèjì Ìkòròdú yìí dé òkè òkun. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, nínú yàrá mi ní Ẹ̀pẹ́, títí fóònù fi ń làágùn. Nǹkan mímu ní ìdílé bíi tèèyàn. Ìdílé kan wà tó kan: ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ló ń bá ọtí jà níbẹ̀. Òmíràn wà tó ga: yìnyín á kún kọ́ọ̀bù, wọ́n á da mínírà lé e. Ibẹ̀ ni Ṣápúmáànù ti wá. Mo mọ bàbá ńlá gbogbo wọn.

"Ìwọ tó ò lè kàwé," Lateefat ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń fi ìwé po nǹkan mímu? Ojú ni."

Àbúrò mi Mardiyah ka Àlùkùránì parí, wọ́n ṣe wòlímọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún ìyá ẹ̀, Àǹtí mi Alhaja Mùsílímátù tó tọ́ mi dàgbà, pé màá po Ṣápúmáànù tí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ máa jowú ẹ̀.

Àǹtí ní, "Bísíríyù, ṣé kò sí ọtí nínú ẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ka ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo ìgò."

Wọ́n gbà mí gbọ́.

Ṣebí àwọn ọmọdé ń mu Ṣápúmáànù níbi ọjọ́ìbí? Mo po mínírà, mo gé kùkúḿbà sí i. Bításì inú ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sí i nínú fídíò, èmi ò kán an, mo dà á ni. Ààfáà àgbà mu kọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní kí n bu òmíràn wá. Àwọn ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo gan-an ń gbọ́ orúkọ mi.

Ni Mardiyah bá mú ìgò bításì yẹn, ó kà á.

"Bọ̀dá, ọtí wà nínú èyí. Wọ́n kọ ọ́ síbí. Ṣebí ẹ ní ẹ kà á?"

Lateefat ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kí ni Àǹtí ẹ ṣe?"

Wọn ò pariwo. Wọ́n ń gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dà á sí gọ́tà, tàwọn ti léèsì tuntun lọ́rùn. Wọ́n wá kúnlẹ̀ níwájú àwọn ààfáà, wọ́n ní àwọn làwọn ò ṣọ́ra. Wọn ò dárúkọ mi. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo wà, mo kéré ju ìdérí ìgò lọ.

"O ò jáde lọ dọ̀bálẹ̀?" Lateefat tún bi mí.

"Èmi? Mo sá wá síbí. Ọkọ̀ tí mo wọ̀, ìjì ò lè lé e bá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Ajíbóyè ní, "Àìmọ̀wé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ tó o pa fún ẹni tó fọkàn tán ẹ ló dójú tì yín. Ká ní o sọ pé o ò lè kà á ni, Mardiyah ì bá ti bá ẹ kà á kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ́ọ̀bù."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe fọ́ yìnyín yẹn..."

"Dákẹ́," Lateefat ní. "Wọ́n ti kúnlẹ̀ nítorí ẹ. Ìwọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ló ń pe èrò lọ́hùn-ún."

"Máa lọ sílé, Bísíríyù," Bọ̀dá Ajíbóyè ní.