Ẹyẹ Etí Odò

Ọkọ mi ò tíì súfèé tán tí ẹyẹ náà fi dá a lóhùn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn.

Àwa méjèèjì la jọ máa ń rìn lọ sẹ́yìn ìlú láàárọ̀ láti wo ẹyẹ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí ẹyẹ tí kò lè fẹnu pè. Èmi aránṣọ, òun ló kọ́ mi ní ẹyẹ wíwò. Òfin kan ló fi lélẹ̀: bí ẹyẹ bá ti dáhùn, dúró jẹ́ẹ́ kó wá bá ọ. Má wá a lọ.

Ó tún súfèé. Ẹyẹ náà tún já a gbà lẹ́nu rẹ̀, láti inú igbó etí odò. Mo wo igbó náà títí, ewé kan ò mì. Àwọn ẹyẹ yòókù ti panu mọ́. Mo ní ká máa lọ sílé. Ó ní ojora ń ṣe mí, òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bàbá olófin bá rú òfin ara rẹ̀, ó korí bọ igbó. Inú bí mi, mo ń kùn pé àgbàlagbà yìí á kàn ṣubú sódò lásán ni.

Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń fà mí lọ kíákíá. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ẹ̀rù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

A ti dé ojú ọ̀nà nígbà tí ohùn ọkọ mi dún láti inú igbó tá a fi sílẹ̀. Mo wo ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Ìyàwó mi," ohùn náà ní, bí ẹni tómi ti mù dọ́rùn. "Ta lò ń mú lọ sílé wa?"

Ẹni ẹ̀gbẹ́ mi tẹ̀ sí mi létí.

"Ó ti kọ́ ohùn mi," ó ní. "Jọ̀ọ́, má dá a lóhùn."

Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ọkọ mi ń kú lọ sódò, ọlọ́wọ́ tútù kan ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. Mo já ọwọ́ mi gbà.

"Mò ń bọ̀, olówó orí mi!" Mo sáré wọnú igbó.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Omi ń ṣàn lọ ní tiẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo sì rí ọkọ mi lójú ọ̀nà, ó ń nu omijé. Obìnrin kan jáde láti inú igbó kan náà, ó wọ aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán, ó lọ bá a. Ó fi ohùn mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ọkọ mi dì mọ́ ọn, wọ́n jọ ń lọ sílé.

Mo ké pè é. Ìfé ló jáde lẹ́nu mi.