Kòtò Tí Dọ̀tun Kò Fò

Ọjọ́ tí Dọ̀tun kọ́kọ́ rí Naomi, orí sìmẹ́ńtì pálọ̀ wọn ni ọmọbìnrin náà jókòó sí láìwọ bàtà, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì géèmù sẹ́nu, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Dọ̀tun fi ọdún méjì jù ú lọ, ọjọ́ yẹn gan-an sì làwọn òbí Dọ̀tun, tíṣà méjì láti Èkìtì, kó wọ ilé tí àwọn Naomi ń gbé ní Ẹgbẹ́dá.

"Ṣé wàá wọlé ni, àbí o fẹ́ gbé ilẹ̀kùn wa lọ?" ni Naomi bi í.

Ìyá rẹ̀ ké láti kíṣìnnì. "Naomi! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Bọ̀dá Dọ̀tun ni kí o máa pè é. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ó dà bí ọ̀wọ̀ lásán nígbà náà; nígbà tó yá ló wá di ògiri láàárín wọn.

Nínú géèmù náà, ọkùnrin kékeré kan ló ń sáré, tó ń fò láti orí ògiri dé orí ògiri. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ló ní. Kòtò ńlá kan wà níwájú, ibẹ̀ ni Dọ̀tun máa ń já sí. Tó bá ti ku ẹ̀mí kan, á na pádì sí Naomi.

"Jọ̀ọ́, bá mi fò ó."

"Bọ̀dá Dọ̀tun, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ ná!"

"Tí mo bá kú ńkọ́?"

"Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ni, jàre. Ta ló kú nínú géèmù tí wọ́n sin?"

Naomi á rẹ́rìn-ín, á bá a fò ó, á dá pádì padà. Nígbà míì, bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n parí ẹ̀, wọ́n á mú iná lọ, géèmù náà kì í sì í rántí ibi tí èèyàn dé. Wọ́n á wá jókòó sínú ooru, èjìká kan èjìká, kò sì ní sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Títí dòní, kò sí ohun tí Dọ̀tun ò lè fi sílẹ̀ kó lè tún jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí Naomi pé ọdún mẹ́tàlélógún, ìfẹ́ rẹ̀ ti kún Dọ̀tun dé ọ̀fun. Ṣùgbọ́n fòní dónìí, fọ̀la dọ́la ni tirẹ̀. Stephen, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò dúró de ọ̀la.

"Bọ̀dá Dọ̀tun, àwọn ará ilé Stephen ń bọ̀ ní Sátidé," ni Naomi wí fún un lẹ́yìnkùlé. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Èèyàn dáadáa ni Stephen."

"Mi ò béèrè ìyẹn."

Dọ̀tun yí padà, ó wọlé lọ.

Bàbá Naomi ti kú nígbà náà. Ìyá rẹ̀ pe Dọ̀tun, ó ní, "Ìwọ lẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin, ìwọ lo máa bá wa jókòó ti àwọn àna." Ọmọ ilé ire wo ló máa kọ̀ fún àgbà? Bí Dọ̀tun ṣe wọ bùbá àti ṣòkòtò ní Sátidé nìyẹn, tó jókòó sáàárín ẹbí ìyàwó. Alága àwọn ará ilé Stephen bi í pé kí ló jẹ́ sí ọmọ tí àwọn wá tọrọ. Naomi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Àbúrò mi ni," ni Dọ̀tun wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹyin lohùn; bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa olólùfẹ́ rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí òmùgọ̀ tó ju èyí lọ, kó wá sọ fún mi.

Naomi bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àgbàdo. Wọ́n lo ọdún mẹ́sàn-án, kí àìsàn tó mú Stephen lọ, Naomi sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Dọ̀tun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń kọ́ ọmọ ní Ìgàndó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọdún méjì lẹ́yìn tí Stephen kú, Dọ̀tun rí géèmù àtijọ́ yẹn lórí fóònù. Ó já sí kòtò, ó tún já. Nígbà tó ku ẹ̀mí kan, ó ṣàdédé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti na fóònù sí ẹnì kan. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú àgbà ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe jáde iṣẹ́, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ẹgbẹ́dá.

Ó bá Naomi àti ìyá rẹ̀ ní fàráńdà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mà, ẹ forí jì mí. Mo purọ́ níwájú àwọn àna yín. Naomi kì í ṣe àbúrò mi, kò sì fìgbà kan jẹ́ àbúrò mi."

Ìyá wò ó títí. "Ọdún mọ́kànlá lo fi ń wá gbólóhùn kan yìí, Dọ̀tun?" Ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó wọlé.

Naomi ò gbójú sókè. "Ká ní ẹ kàn dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ dákẹ́ lásán ni o, ǹ bá ti kọ̀ fún wọn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Mo sunkún fún ọdún kan. Lẹ́yìn ẹ̀ mo fẹ́ràn Stephen, tọkàntọkàn ni, mi ò sì ní sẹ́ ẹ nítorí yín. Naomi tí ẹ̀ ń wá yẹn, ẹ ò lè rí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Dọ̀tun wọ egungun, ṣùgbọ́n kò dìde. "Èyí tó jókòó síbí ni mo wá bá. Tó bá lé mi lónìí, màá tún wá lọ́la."

"Ó máa rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Naomi ti àtẹ ẹ̀wà sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ sọ fún àwọn ẹbí yín kí wọ́n wá," ló wí. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni màá dá wọn lóhùn."