Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Péré Ni Wọ́n Fà Á

Orí àga ni wọ́n ti bá òkú Tìmílẹ́yìn nínú yàrá rẹ̀ ní Fate ní Ìlọrin, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ràmàdáánì. Fóònù rẹ̀ dúró lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú rẹ̀, ó ṣì ń ká fídíò. Fépù kékeré kan, sìgá oníbátìrì tí kò gùn ju ìka àárín lọ, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ẹní.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tíṣà ni tẹ́lẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó sú u. Bí irú fépù tuntun kan bá ti dé ìlú, á gbà á, á fà á níwájú fóònù, á sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí, àwọn èèyàn á sì máa wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í sì í bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Àwọn tó ń ta fépù kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn aládùúgbò kò fẹ́ràn rẹ̀. Tẹniọlá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ní tiẹ̀, àmọ́ ó kórìíra èéfín ọ̀hún bí ìgbẹ́.

Tẹniọlá yìí ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Dókítà ní májèlé ló wà nínú omi tí wọ́n rọ sínú fépù náà, oògùn apakòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń lò ni. Òun nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an tó ń pariwo pé, "Nǹkan tó ò ń fà yìí ló máa pa ọ́!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Màsúdát Àkànbí gba ẹjọ́ náà ní Ọjọ́rú. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, àgàgà nínú ààwẹ̀ tí òǹgbẹ ń jẹ òun náà níyà. Ọ̀gá tésàn ti sọ fún un pé bí kò bá rí ẹlòmíràn mú títí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun á gbé Tẹniọlá lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ọmọ oṣù márùn-ún ló sì wà lọ́mú obìnrin náà nínú àtìmọ́lé.

"Ṣé ìwọ lo pa á?" Màsúdát bi í, kò tilẹ̀ kí i.

"Bí mo bá fẹ́ pa á, ṣé n ó kọ́kọ́ pariwo ẹ̀ fún gbogbo ayé ni?" Ojú Tẹniọlá ti wú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Mo bá a jà torí mi ò fẹ́ kó kú. Toyyib ni kí ẹ lọ bi! Òun ló gbé fépù náà wá. Ọkọ mi ti sọ fún un pé òun máa tú u fó nínú fídíò, pé àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń ta fépù fún."

"Ta ló gbọ́ ọ yàtọ̀ sí ìwọ?"

"Kò sí."

"Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́lẹ̀rìí ò wúlò fún mi," Màsúdát wí. Síbẹ̀, ó kọ orúkọ Toyyib sílẹ̀.

Toyyib yìí kan náà ti wá fúnra rẹ̀ sí tésàn ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sájẹ́ǹtì Dàpọ̀ ló sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Màsúdát kà á nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń lọ sí Fate. Toyyib ní òun rọ omi sí fépù náà ní ṣọ́ọ̀bù òun ní agogo méjì àbọ̀ ọ̀sán, òun sì fà á lẹ́ẹ̀mejì fúnra òun kí òun tó gbé e lọ. Kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ó ní inú ilé Tìmílẹ́yìn ni kí wọ́n ti wá májèlé.

Bàṣírù, ẹni tó ni ilé tí olóògbé ń gbé, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà. Kò díbọ́n pé inú òun bà jẹ́.

"Wọ́n ní ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú," ó wí. "Eléyìí wu tiwa, ó sì run ún tìfun-tẹ̀dọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ní kó kó jáde nílé mi."

"Ta lẹ rí tó wá síbí lọ́jọ́ náà?"

"Toyyib nìkan. Agogo mẹ́ta ń lọ lù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó na nǹkan ọ̀hún sí i, ó ní òun ti rọ omi sí i tán. Kò wọlé rárá. Ó ní ìrun Àlàásárì ò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun."

Láti ibẹ̀, wọ́n gba Táíwò Road lọ. Ṣọ́ọ̀bù Toyyib mọ́ tónítóní, fépù oríṣiríṣi tò sínú gíláàsì. Toyyib fúnra rẹ̀ dé fìlà funfun, pákò ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń tutọ́ sínú agolo kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oòrùn mú. Dàpọ̀ ra omi ọlọ́ràá méjì, ó na ọ̀kan sí Toyyib láìronú.

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí náà!" Toyyib ti omi náà padà bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. "Ṣé ẹ ò mọ inú oṣù tá a wà ni? Wàláhì, láti ìgbà tí mo ti bàlágà, ààwẹ̀ ọjọ́ kan ò bọ́ lọ́wọ́ mi rí."

"Fi irú fépù tó o gbé fún Tìmílẹ́yìn hàn mí," Màsúdát ní.

Toyyib mú ọ̀kan jáde. Ẹnu òǹtajà kì í gbẹ nítorí ààwẹ̀. Kíá ni ti Toyyib yọ̀.

"Ẹ wò ó, ó kéré, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ó yọ ike ẹnu ẹ̀ yìí, ẹ ó ṣí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ó rọ omi sí i. Tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀ kí òwú inú ẹ̀ mumi, ẹ lè máa fà á. Bó bá tán, ẹ tún rọ òmíì. Kì í jò. Ojú kékeré tó wà nídìí ẹ̀ yìí ló ń ka iye ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á, òǹkà yẹn kì í sì í padà sẹ́yìn láéláé. Ẹnikẹ́ni ò lè ta àlòkù fún yín."

"Tuntun lo gbé fún un?"

"Inú páálí ni mo ti yọ ọ́."

"O ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ tó o sọ fún sájẹ́ǹtì mi?"

"Gbọin-gbọin! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a. Ẹ di obìnrin yẹn mú dáadáa." Ó tún tutọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màsúdát wo fídíò náà ní ọ́fíìsì. Tìmílẹ́yìn rẹ́rìn-ín sí fóònù, ó gbé fépù náà sókè. Ó ní ó fúyẹ́, ó ní kò jò sí òun lápò. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní adùn máńgòrò rẹ̀ kò dà bíi máńgòrò. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó ń ta òun lọ́fun. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó húkọ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ni Toyyib rọ sí nǹkan yìí?" Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Màsúdát mú fépù náà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Dàpọ̀ lọ pe Toyyib wá ní ìrọ̀lẹ́.

Toyyib kò dá wá. Ó mú bàbá rẹ̀ dání, Àfáà Abdulkadir, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú láti ogójì ọdún. Màsúdát ti ní kí wọ́n mú Tẹniọlá náà wá, ọmọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Toyyib kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá fẹ́ ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́," Àfáà wí tìbínú-tìbínú.

"Ẹ má bínú, Àfáà. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ìdáhùn ẹ̀." Màsúdát gbé ife omi kan síwájú Toyyib. "Mumi."

"Oòrùn ò tíì wọ̀."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? O gbààwẹ̀?"

"Mo gbà á."

Màsúdát ṣí ìwé tí Dàpọ̀ kọ. "'Ní agogo méjì àbọ̀ ọ̀sán, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì.' Ìwọ lo bu ọwọ́ lù ú. Sájẹ́ǹtì mi ò gbààwẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kó fura. Èmi ń gbà á, mo mọ̀ pé fífa èéfín ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Èwo ni ká mú nínú méjèèjì?"

Àfáà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Toyyib gbé itọ́ mì.

"Mo... mo gbàgbé ni. Ẹni tó bá gbàgbé, ààwẹ̀ ẹ̀ ò bàjẹ́."

"Òótọ́ ni. Mo ti rò ó pé ibẹ̀ lo máa sá sí." Màsúdát yí ìdí fépù náà sí wọn. "Kí ló wà níbí?"

Tẹniọlá ló na ọrùn, ló kà á. "Mẹ́ta."

"Mẹ́ta. Mo sì ka iye ìgbà tí Tìmílẹ́yìn fà á nínú fídíò: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré. Bí ìwọ bá ti fà á lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ẹ̀, márùn-ún ló yẹ ká bá níbẹ̀. Ẹnu ẹ lo sì fi sọ fún mi pé òǹkà ẹ̀ kì í padà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó fà á ju olóògbé lọ."

"Toyyib." Ohùn Àfáà rọlẹ̀. "Ṣé o fà á, àbí o ò fà á?"

"N ò fà á, Bàbá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "N ò lè ba ààwẹ̀ mi jẹ́."

"Kí ló wá dé tó o fi ní o fà á?"

Màsúdát ló dá Àfáà lóhùn.

"Torí ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni. Ó fẹ́ ká gbà pé omi náà mọ́ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun, kí ẹ̀ṣẹ̀ lè já lé obìnrin yìí lórí. Àmọ́ bó ṣe ń parọ́ fún wa, kò rántí pé ọ̀sán ààwẹ̀ ni."

Toyyib wólẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Ó ní òun máa sọ fún gbogbo Ìlọrin pé ọmọ Àfáà ń ta fépù fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ndìrì. Ẹ̀yin ni mo rò, Bàbá. Oògùn tẹ́ ẹ fi ń pa kòkòrò lóko ni mo bù níbẹ̀..."

"Má fi mí sí i," Àfáà wí. "Má fi oko mi sí i."

Dàpọ̀ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Toyyib lọ́wọ́. Bí ó ti ń tì í pa ni wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn tésàn. Toyyib na ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè pọ̀ sí ife omi tó wà níwájú rẹ̀. Ó rọra ní, "Bìsìmílááhì."

"Omi lo bẹ̀rù," Tẹniọlá wí. "O ò bẹ̀rù ẹ̀mí ọkọ mi."

Ọwọ́ Toyyib dúró lójú ọ̀nà. Òǹgbẹ ti ń gbẹ Àfáà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ife náà kúrò níwájú ọmọ rẹ̀, kò fi kan ẹnu ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Tẹniọlá.

"Mu ún, ọmọ mi," ó ní. "Abiyamọ ni ẹ́."

Tẹniọlá gba omi náà, ó sì mu ún tán.