Ìyá Tó So Òjò Ìsọlọ̀

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún tí òjò ti ń rọ̀ yí wa ká, tí kò kan àdúgbò wa. Ní Àjàó Estate, wọ́n ń fi garawa gbọ́n omi kúrò ní pálọ̀. Ní Àgọ́ Palace, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wọ́dò nínú àgbàrá. Lọ́dọ̀ tiwa n'Ísọlọ̀, ekuru ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá gbé Èkó mọ̀ pé òjò ibẹ̀ a máa ṣe ojúsàájú, ìdí nìyẹn tí a kọ́kọ́ fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ mo fi ojú ara mi rí i lọ́sàn-án: ìkùukùu dúdú á dé ẹnu títì wa, á pín sí méjì, á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Sàláúdéènì lorúkọ mi, bíríkìlà ni mí. Mo mọ ohun tó fà á, mo panu mọ́. Ẹ jẹ́ n bú ara mi kí ẹ̀yin náà tó bú mi.

Nígbà tí a fẹ́ da dẹ́kì ilé kan ládùúgbò wa, onílé ní òjò ò gbọdọ̀ ba kọ́ńkéré òun jẹ́. A lọ bá Ìyá Àjíbíkẹ́ ní Òṣòdì, arúgbó tó máa ń so òjò kó má rọ̀. Ó ní láti ìdájí ọjọ́ iṣẹ́ náà, òun ò ní wẹ̀, omi ò sì ní kan ẹnu òun, àfi tí a bá pe òun lórí fóònù pé iṣẹ́ ti parí.

"Ta ló máa pè mí?"

Mo ní èmi ni.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la parí. Onílé gbé ìrẹsì àti mínírà jáde. Mo jẹun, mo ṣeré, mo sùn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí ìyá yẹn. Ojú tì mí. Mo sọ fún onílé pé mo ti pè é tipẹ́.

Ooru wá dojú kọ Nafeesah, ọmọ mi oṣù mẹ́ta. Gbogbo ara rẹ̀ sú. Kànga wa gbẹ. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún yìí, Roqeebah ìyàwó mi gbé e sórí ẹsẹ̀, ó rọra ní, "Bàbá Nafeesah, ọmọ yìí ò sunkún mọ́ o. Kò gba ọmú."

Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Òṣòdì.

Àjíbíkẹ́, ọmọ ìyá náà, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo béèrè màmá.

"Wọ́n ti kú, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ kẹrin tí ẹ da dẹ́kì yẹn ni." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n mu omi. Mo ní kí n pè yín, wọ́n ní èèwọ̀ ni, pé ẹni tó ṣèlérí ló gbọ́dọ̀ pè."

Ọjọ́ kẹrin. A jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo rántí, ìyá ṣì wà láàyè.

Mo ti lanu láti sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Ojú ọmọ mi wá sí mi lọ́kàn, mo bá sọ òótọ́. Àjíbíkẹ́ wò mí, kò bú mi. Ó pọn omi, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n sin ín sí.

"Ẹ sọ fún wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn gbígbóná. "Ìyá, iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ náà gan-an ló parí. Mo gbàgbé yín, nígbà tí mo sì rántí, mo purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi."

Àjíbíkẹ́ da omi náà sórí sàréè. Kò ṣàn, kò tàn ká. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ àyà mi bí ẹni tó ń gbé omi mì, tí kò dúró mí. Ó da garawa kejì, ó da ìkẹta. Ariwo náà dákẹ́, ẹnì kan sì mí kanlẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Àjíbíkẹ́ bú sẹ́kún.

Òjò ti ń rọ̀ n'Ísọlọ̀ kí n tó délé. Nafeesah ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nígbà tó yá ó gba ọmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo bu omi òjò mu. Mo tún bu.

"Bàbá Nafeesah," Roqeebah ní, "garawa kejì lẹ fẹ́ mu tán yìí o."

Mo mọ̀. Inú mi ti kún, ọ̀fun mi sì gbẹ. Oṣù kan rèé tí mo ti ń mu omi, òùngbẹ náà ò lọ. Ẹni tó lè tú mi sílẹ̀, èmi ni mo pa á.