Ẹni Tí Ó Ń Fi Ojú Pàṣẹ

Fíìmù náà dùn. Ẹ má jẹ́ kí n torí pé mo fẹ́ wàásù kí n wá purọ́ fún yín. Ẹni tí ó bá ní kò dùn, kò tíì wò ó ni.

Ìdílé ọ̀daràn kan ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá wọn kì í pariwo. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì ń gbàdúrà kí ó tó jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i fín, yóò kàn ṣẹ́jú sí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọn yóò dìde, a ó sì gbọ́ pé ẹni náà ti kú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní èdè Faransé, gbogbo ìlú Wagadúgù tí a wà yìí ló sì ń wò ó, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Pissy títí dé àwọn ilé ńláńlá Ouaga 2000.

Adéníjì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń tà ní àdúgbò Kossodo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì ti gbé Gánà kí ó tó dé Wagadúgù. Wọ́n ti rì í bọmi nígbà èwe rẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kì í rí i mọ́ àfi ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìkómọ.

Kí ló rí nínú fíìmù yẹn? Lójoojúmọ́ ni àwọn awakọ̀ ń pariwo mọ́ ọn, tí àwọn oníbàárà ń pè é ní àjèjì, tí ọlọ́pàá ń dá a dúró láìnídìí. Bí ó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rí ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò tó fojú di. Ó wù ú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tirẹ̀. Ó ra kóòtù dúdú, ó ń wọ̀ ọ́ nínú ooru oṣù kẹrin, òógùn ń dà lára rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Ó ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Kàmíl àti Fàrúúkù, má pe òun ní patron, ìyẹn ọ̀gá, mọ́, Baba ni kí wọ́n máa pè é. Àwọn náà ń wo fíìmù yẹn, ó sì dùn mọ́ wọn nínú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọlábímtán, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tó sì jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, bá a wí.

"Adé, apààyàn ni ọkùnrin tí ò ń wò yìí o."

"Apààyàn tó ń tọ́jú ilé rẹ̀," ni Adéníjì fèsì. "Mélòó ló ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn díákónì yín?"

"Bí èèyàn bá ń fi ẹ̀jẹ̀ najú, ẹ̀jẹ̀ kò ní pẹ́ di nǹkan kékeré lójú rẹ̀. Jésù ń fẹ́ ọkàn rẹ, Adé."

"D'accord, mo ti gbọ́, pásítọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ jàre." Ó sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Ramatou, ìyàwó Adéníjì, ọmọ ẹ̀yà Bísà ni. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí mọ̀ pé Bísà àti Gúrúnsì kì í bínú síra wọn. Àwàdà ni wọ́n ń bára wọn ṣe láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Gúrúnsì á pe Bísà ní ẹrú tó ń ro oko ẹ̀pà òun, Bísà á ní Gúrúnsì ti jẹ gbogbo ajá àdúgbò tán. Kò sí èébú tí wọn kò lè bú ara wọn, kódà níbi òkú. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ńlá ni kí ẹnì kan ta ẹ̀jẹ̀ ẹnì kejì sílẹ̀.

Félix, awakọ̀ akẹ́rù kan, ọmọ Gúrúnsì ni. Bí ó bá wá ra táyà, á ní, "Ẹrú mi, ta ló ní kí o jókòó nígbà tí ọ̀gá rẹ wà ní ìdúró?" Ramatou á ní, "Lọ bi ajá tó wà nínú ikùn rẹ." Àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín. Ramatou ti ṣàlàyé àṣà náà fún ọkọ rẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì yé e. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àìmọ̀ ló ṣe é.

Nígbà tí ó yá, bàbá Ramatou kú. Adéníjì pe àwọn èèyàn pàtàkì wá síbi ìsìnkú àna rẹ̀, ó sì wọ kóòtù dúdú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé pósí jáde, Félix lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà.

"Òkú yìí kò ní kọjá!" ló ń kígbe. "Ẹrú mi ni. Ta ló gbà á láyè láti kú? Kò tíì ro oko ẹ̀pà mi tán! Ìwọ Yorùbá oníkóòtù yìí, ṣé ìwọ lo máa bá a parí rẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ramatou, opó olóògbé, rẹ́rìn-ín tòun ti omijé, nítorí bí wọ́n ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú nìyẹn. Wọ́n bu ẹ̀pà fún Félix, ó dìde, ó sì bá wọn gbé pósí náà sí èjìká.

Adéníjì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Kàmíl, ó sì ṣẹ́jú. Bíi ti bàbá inú fíìmù yẹn gẹ́lẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀yin èèyàn, inú rẹ̀ dùn gan-an!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ká Félix mọ́ ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kossodo, nítòsí ilé ìpẹran. Adéníjì tẹ̀lé wọn. Ó jókòó lórí alùpùpù rẹ̀, ó ká apá, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Félix rí wọn, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ ẹrú mi, ṣé ẹ̀pà lẹ gbé wá?"

Kàmíl fi irin tí wọ́n fi ń tú táyà lù ú lẹ́nu. Eyín fò jáde. Fàrúúkù gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, irin náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí i ní èjìká, ní ìhà, ní orí. Nínú fíìmù, orin máa ń dún nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àwòrán á sì yí padà. Kò sí orin ní Kossodo. Egungun ń ṣẹ́, ọkùnrin kan ń ké pe ìyá rẹ̀, ìtọ̀ sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Irin náà bà á ní ojú ọ̀tún, ojú náà sì fọ́.

"Ó tó!" ni Adéníjì kígbe.

Kàmíl kò dúró.

"Kàmíl, mo ní ó tó! Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ọ!"

"Baba, ó ti rí ojú wa." Kàmíl ń mí hẹlẹ, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Nínú fíìmù, ṣé wọ́n ń fi irú èyí sílẹ̀ láàyè ni?" Ó tún gbé irin sókè.

Adéníjì sáré, ó ju ara rẹ̀ lé Félix. Irin náà bá a lápá, apá náà kán. Òmíràn bá a lẹ́yìn. Ó ń ràkò nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń bẹ ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tẹkúntẹkún. Àwọn alápatà gbọ́ igbe, wọ́n sáré jáde, Kàmíl àti Fàrúúkù sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Adéníjì ni àwọn alápatà bá lórí Félix, wọ́n sì rò pé ó ń gbèjà rẹ̀ ni. "Barka! Barka!" ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, àwọn ẹbí Félix wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́bàá ibùsùn Adéníjì. Ramatou di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Gbogbo ọ̀wọ̀ tí Adéníjì ti ń wá kiri ni wọ́n kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Félix kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Dókítà kò lè sọ bóyá yóò yè. Bí ó bá kú, àṣírí kú nìyẹn. Adéníjì wá ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti ń gbàdúrà pé kí Félix kú, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Nígbà tí Ọlábímtán gbé oúnjẹ wá, Adéníjì sọ fún un. "Èmi ni mo rán wọn. Mo ká apá, mo ń wò ó. Ṣé Ọlọ́run lè dárí ìyẹn jì mí?"

Ọlábímtán gbé oúnjẹ náà sílẹ̀. "Nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, àwọn kan dúró, wọ́n ń wò ó. Ó tọrọ àforíjì fún àwọn náà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wẹ̀ ọ́ mọ́, Adé, àmọ́ má fi nǹkan kan pamọ́ fún un."

Adéníjì sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, apá rẹ̀ ń ro ó gidigidi. "Jésù, apààyàn ni mí. Gbà mí." Kò mọ ohun mìíràn tí òun lè sọ.

Ọjọ́ náà gan-an ló sọ òtítọ́ fún Ramatou. Ramatou fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀, ó sì lọ sílé ìyá rẹ̀. Adéníjì ní kí Ọlábímtán pe àwọn ọlọ́pàá wá. Félix kò tíì lajú nígbà náà.

Nígbà tí ó la ojú kan tó kù, ó ní kí wọ́n mú Adéníjì wá. Wọ́n mú un dé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, Ọlábímtán sì tẹ̀ lé wọn.

"Kí ló dé tí o kò dúró kí n kú, kí àṣírí rẹ má bàa tú?" ni Félix bi í.

"Jésù kò jẹ́ kí n lè dúró. Mo jẹ̀bi. Dárí jì mí."

Félix wò ó títí. "Àṣà ní kí n má bínú. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó ń jó mi bí iná. Jésù tí ò ń sọ yìí, ṣé ó lè mú un kúrò lára èmi náà?"

Ọlábímtán fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, Adéníjì dúró níbẹ̀, ó ń sunkún.

Adéníjì ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ramatou kò tíì padà sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn Adéníjì fúyẹ́, ó sì ń sun oorun tí kò sùn rí nígbà tó wà lómìnira.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ? Bóyá o kò lu ẹnikẹ́ni rí. Àmọ́ ẹnì kan wà tó rí ọ fín, tí o ti pa lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọkàn rẹ, tí ikú rẹ̀ ì bá dùn mọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń yìn ọ́ nítorí wọn kò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀, ó sì ń pè ọ́ síbẹ̀. Níbi tí o wà yẹn, lónìí, sọ òtítọ́ fún un. Má retí ikú ẹnikẹ́ni kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lè farasin. Jésù ti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà.