Àwọn Tó Wá Bẹ Fọláhàn

Dọlápọ̀ ń di ẹja gbígbẹ sínú páálí nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Fọlá Agoro.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Fọláhàn ńkọ́? Ará Ìlàjẹ ni wá. Ẹ̀bẹ̀ la bá wá."

Kò sí Fọláhàn kankan níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ orúkọ náà.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà nítòsí ibẹ̀, ní áàpù méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ni oníbàárà fi ń ra ẹja, èkejì ló ń rán ọlọ́kadà níṣẹ́, àwọn méjèèjì ò sì gbédè ara wọn. Dọlápọ̀ ni wọ́n gbà pé kó ṣètò ohun tí ọ̀kan yóò máa sọ fún èkejì: orúkọ oníbàárà, ẹni tó yan ẹja, ilé tó ń lọ. Ọmọ burúkú fi àyè kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́: "Ẹja bàjẹ́." Bí oníbàárà bá ti fi àmì síbẹ̀, ẹja mìíràn á gbéra lọ́fẹ̀ẹ́, láìbi ẹnikẹ́ni. Ó wá fi orúkọ Fọláhàn di oníbàárà, ó sì ń fẹjọ́ ẹja Wosilat, ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, sùn ṣáá. Dọlápọ̀ ń kó ẹja, orúkọ Wosilat ń bàjẹ́, ẹgbẹ́ sì ti fẹ́ lé obìnrin náà kúrò nídìí ààrò.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ò kọ́ ọ ni pé ní Ìlàjẹ, bí ọjà ẹni bá bí oníbàárà nínú, ẹsẹ̀ ẹni la fi ń lọ bẹ̀ ẹ́, àgbà á sì tẹ̀ lé ni. Yísà ọlọ́kadà, tó máa ń gbé ẹja wá, ló mú wọn débẹ̀.

Dọlápọ̀ yí ohùn padà. "Kò sí nílé o!"

"Kò burú. A ó dúró dè é."

Ó wo fèrèsé. Irin ni wọ́n fi dí i látòkè délẹ̀, òun náà ló sì ní kí wọ́n dí i, torí pé ó ń bẹ̀rù olè! Òórùn ẹja kún yàrá, òógùn bò ó. Ó da aṣọ bo ẹja, ó fa fìlà bojú, ó ṣílẹ̀kùn pé kóun fò jáde. Wosilat ló bá lórí eékún lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Kò ríbi gbà.

"Bọ̀dá Fọláhàn, ẹ má bínú..." Wosilat gbójú sókè. "Dọlápọ̀!"

"Òun ni mò ń gbé e fún," Yísà ní. "Ó ní Fọláhàn lòun."

Àlàájà Hàmdálàt, olórí ẹgbẹ́, sún mọ́ ọn. "Ta ni Fọláhàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Pè é jáde."

"Ó rìnrìn àjò, mà."

Àlàájà kọjá lára rẹ̀, ó ká aṣọ kúrò. Ó ṣẹ́ ẹja kan, ó tọ́ ọ wò. "Èwo ló bàjẹ́ níbí?"

Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. "Ẹ dákun, mà. Kò sí èyí tó bàjẹ́ rí. Èmi ni Fọláhàn."

Wosilat bú sẹ́kún. "Mo ti gbà pé òótọ́ ni! Mo ti ń gbóòórùn ọwọ́ ara mi kiri!"

Yísà ti lọ pe ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Dọlápọ̀ sínú ọkọ̀, Wosilat di ilẹ̀kùn mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba Ìlàjẹ kọjá. Ẹnu ẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Ní Ìlàjẹ, àwọn obìnrin fi iná ààrò sílẹ̀ wá dúró yí ọkọ̀ ká. Dọlápọ̀ dorí kodò, ó sọ ọ́. Ìyá àgbà kan ní òun ò gbọ́. Ó tún un sọ, sókè. Obìnrin tó ti kọ̀ láti máa jókòó ti Wosilat nídìí ààrò lọ sún àpótí ìjókòó rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wosilat.